Ìwé Èrò Nígbà Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́, Tí A Sì Ń Dá Èrò Lóhùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí dókítà tàbí ọ̀rẹ́ gbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa kọ èrò wọn sílẹ̀ nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń ra ìwé, wọ́n á kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sì kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó parí síbẹ̀. Bí a bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí a sábà ń bá níbẹ̀ ni “Inú mi bàjẹ́ lónìí”, lọ́jọ́ kejì “Inú mi tún bàjẹ́”, lọ́jọ́ kẹta “Ọlọ́run á ṣe é”. Kò sí èrò kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni wọ́n kọ, wọn kò kọ èrò tó bí i, ìbànújẹ́ kò sì ṣeé bá jiyàn. Èrò nìkan ni a lè gbé yẹ̀ wò bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà títí yóò fi ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é nínú ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CBT. Kí ó lè yéni, èmi yóò máa fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Ìyá Bọ́lá. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni mo kó jọ sí i lára. Ẹni ọdún 46 ni, àǹkárá ló ń tà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, òun ni àkọ́bí ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ kan wà ní London, ó sì ti tó oṣù méjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ dá a ṣe

Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá ń wá sí yín lọ́kàn, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó mú ìwé. Bákan náà ni ti ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí pé ó lo ọjọ́ mélòó kan láìfẹ́ sùn, tí ara rẹ̀ le koko, tí ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ tí owó sì ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi: àìsàn mìíràn nìyẹn, oògùn tirẹ̀ yàtọ̀, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí a bá lò fún un láìmọ̀ sì lè dá kún un.

Ẹni tó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi etí sílẹ̀ fún gbólóhùn náà “ayé sú mi”. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó rẹ̀ lásán, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ti pinnu ohun tí yóò ṣe. Ẹ má ṣe méfò. Ẹ béèrè ní tààrà: “Ṣé ẹ ti ń rò ó pé kí ẹ pa ara yín?” Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ọkàn ẹni tí kò ní in. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Àró ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní UCH ní Ìbàdàn. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe 988, ẹni tó wà ní Britain lè pe 116 123, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Ní England, ènìyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ètò ìjọba fún ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe, láìjẹ́ pé dókítà kọ̀wé fún un, ó sì lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan àti báírò ti tó. Fóònù ṣeé lò, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí ẹ bá ṣí i báyìí láti kọ èrò kan, WhatsApp yóò ti gbé yín lọ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wá ibi tí ẹ óò máa tọ́jú ìwé náà sí tí ẹlòmíràn kò ní dé, torí pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ọkọ tàbí ọmọ yóò ka ohun tí òun kọ kò ní kọ òótọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ nílò 20 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ tún nílò ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, tí yóò máa bi yín ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé “Ẹ má ronú mọ́” ni gbogbo ìmọ̀ràn rẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn yín tó, nítorí pé iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe gan-an ni kí a ronú, kí a sì ronú dáadáa. Bí dókítà bá ti fún yín ní oògùn, ẹ máa lò ó lọ. Ìwé àti oògùn kì í bá ara wọn jà, ẹ má sì ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti ń yá díẹ̀.

Ohun kan tó kù ni èdè. Ẹ kọ èrò ní èdè tó fi wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni iléèwé ti kọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ nǹkan gidi, ṣùgbọ́n èrò tó wá pẹ̀lú ohùn ìyá ẹni, “Ọmọ yìí ò lè dà bí nǹkan láéláé”, kò ní oró kan náà mọ́ bí a bá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó wá ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Pidgin, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ wọn bí ó ṣe wúwo tó

Ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí àwọn oníṣègùn ń lò káàkiri ayé, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń béèrè bí nǹkan ṣe rí fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun, ìbànújẹ́, oorun, àárẹ̀, oúnjẹ, dídá ara ẹni lẹ́bi, àìlè pọkàn pọ̀, kí ara máa falẹ̀ tàbí kí ó má rójú dúró sójú kan, àti èrò ikú. Bí ohun kan kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, 0. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mélòó kan, 1. Bí ó bá ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, 2. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, 3. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ tó lè jẹ́ ni 27. Láti 5 dé 9 ó fúyẹ́, láti 10 dé 14 ó wà láàárín, láti 15 dé 19 ó ti wúwo, láti 20 lọ sókè ó le gan-an. Ẹni tó bá ti dé 15 kò gbọdọ̀ fi ìwé nìkan tọ́jú ara rẹ̀.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan ń fi bí òní ṣe rí dáhùn dípò ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn ń fo ìbéèrè kẹsàn-án, ti èrò ikú, nítorí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù pé wọ́n á fi ẹnu ara wọn fa aburú. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn yòówù tó bá ju 0 lọ níbẹ̀ ti tó ohun tí a ń sọ fún oníṣègùn, bí àpapọ̀ yòókù tilẹ̀ kéré. Ẹ sì rántí pé ara ni ìrẹ̀wẹ̀sì kọ́kọ́ ń gbà yọ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa: orí gbígbóná, bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú orí, ara ríro tí àgbo àti oògùn ibà kò kápá. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àìsàn mìíràn lè fa irú àárẹ̀ yẹn.

Àyẹ̀wò: nọ́ńbà kan àti déètì kan wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ti Ìyá Bọ́lá jẹ́ 13, ó fi 0 sí ìbéèrè kẹsàn-án.

Ìpele 2: Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣáájú ọkàn

A kì í ti orí èrò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ kò ní agbára àtijiyàn pẹ̀lú ọkàn rẹ̀, nítorí náà ìṣe ni a kọ́kọ́ ń tún ṣe. Fún ọjọ́ méje, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ẹ sì fi nọ́ńbà méjì sí i láti 0 dé 10: bí ó ṣe dùn mọ́ yín tó, àti bí ó ṣe jọ pé ẹ ṣe àṣeyọrí tó. Ìyá Bọ́lá ti ń sọ káàkiri pé òun kò ṣe nǹkan kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé rẹ̀ sọ pé ó po ẹ̀kọ fún ọmọ kó tó lọ síléèwé, ó ta yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bá aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó fi 4 sí adùn ẹ̀gúsí ṣíṣẹ́, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, torí pé ohun tó ga jù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ máa pinnu ohun méjì lálaalẹ́ tí ẹ óò ṣe lọ́jọ́ kejì: ọ̀kan tó ti máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, ọ̀kan tí ẹ ti ń sún síwájú. Ẹ kọ wákàtí sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n ń dúró de ìgbà tó bá wù wọ́n. Nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, kò ní wù yín. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe é tán ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wuni. Èkejì ni pé wọ́n ń gbé ẹrù tó pọ̀ jù. “Kí n tún ìsọ̀ tò” kò ṣeé ṣe fún ẹni tí PHQ-9 rẹ̀ jẹ́ 13. “Kí n kó àǹkárá orí pákó òkè sílẹ̀, kí n gbọn eruku rẹ̀, fún 15 ìṣẹ́jú, ní aago mẹ́sàn-án” ṣeé ṣe.

Àyẹ̀wò: ẹ ti ṣe ó kéré tán ìdajì ohun tí ẹ kọ, nọ́ńbà wákàtí kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí gbogbo wákàtí bá jẹ́ 0 láti àárọ̀ dalẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé alẹ́ ni ẹ jókòó kọ gbogbo rẹ̀ láti inú ìrántí. Ìrántí ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kì í pín nǹkan dọ́gba. Ẹ máa kọ ọ́ ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta.

Ìpele 3: Ẹ mú èrò náà níbi tó ti ń kọjá

Ẹ fa ìlà sí ojú ewé, kí ó di ọ̀nà mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìkejì, bí ó ṣe rí lára yín àti bí ó ṣe le tó láti 0 dé 100. Ní ìkẹta, ohun tó gba ọkàn yín kọjá. Aaron Beck, dókítà ará Philadelphia tó dá ìtọ́jú yìí sílẹ̀, ṣàkíyèsí pé irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń já wọlé fúnra rẹ̀, ó máa ń yára, a kì í sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kí a tó gbà á gbọ́. Ìgbà tó dára jù láti mú un ni ìgbà tí ẹ bá rí i pé ara yín ṣàdédé yí padà. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ bi ara yín pé: “Kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkàn mi kọjá?”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kámẹ́rà lè yà. “Ìyá Ṣadé fojú pa mí rẹ́” kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtumọ̀ tí Ìyá Bọ́lá fún un ni. “Ìyá Ṣadé kọjá níwájú ìsọ̀ mi ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, kò sì kí mi” ni kámẹ́rà lè yà.

Ọ̀nà kejì ni èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ jù, òun náà ló sì ń dà wá láàmú. Yorùbá máa ń fi ẹ̀yà ara sọ bí nǹkan ṣe rí lára: inú mi bàjẹ́, inú ń bí mi, ojú ń tì mí, àyà mi ń já, ọkàn mi wúwo, ara mi kò balẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí tọ́ sí ọ̀nà kejì. Ẹ má ṣe fi “inú mi ò dùn” nìkan ká gbogbo rẹ̀ kò, nítorí pé ìtìjú, ìbínú àti ìbẹ̀rù, èrò tó ń bí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Wàhálà wà nínú “ó ń ṣe mí bíi pé”. “Ó ń ṣe mí bíi pé wọn ò kà mí sí” jọ ohun tó ń ṣe ara, ṣùgbọ́n èrò ni, aṣọ ìmọ̀lára ló wọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ rọrùn: bí ẹ bá lè fi “ṣé òótọ́ ni?” bi í, èrò ni. Kò sẹ́ni tó lè bi ojú títì pé ṣé òótọ́ ni. “Wọn ò kà mí sí”, a lè bi í.

Ìlà àkọ́kọ́ tó dára nínú ìwé Ìyá Bọ́lá rí báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀: Ìyá Ṣadé kọjá, kò kí mi. Bí ó ṣe rí lára: ojú tì mí, 80, inú mi bàjẹ́, 70. Ohun tó gba ọkàn mi kọjá: “Ó rí mi. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kí ló tiẹ̀ fẹ́ kí mi fún? Gbogbo ọjà ti mọ̀ pé mi ò wúlò mọ́.”

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán ní ìlà mẹ́ta kà, kí ẹ sì pa ọ̀nà kejì dé mọ́ ọn lójú. Bí ó bá ka ohun tó ṣẹlẹ̀ àti èrò, tí ó sì lè sọ bí ó ṣe rí lára yín láìwò, ẹ ti mú èrò náà. Bí ó bá ní, “Nítorí èyí nìkan ni ojú fi tì yín tó 80?”, èrò kan ṣì fara pamọ́.

Ìpele 4: Ẹ yan èrò tó ta jù

Ẹ má ṣe dáhùn gbogbo èrò. Ẹ mú èyí tó ta jù, kí ẹ sì fi ìbéèrè wa a jinlẹ̀: “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí ló fi hàn nípa mi?” Bí èrò bá wá bí ìbéèrè, ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn, torí pé ìbéèrè kò ní òótọ́ tàbí irọ́. “Kí ló fẹ́ kí mi fún?” túmọ̀ sí “Mi ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń kí.” Ti Ìyá Bọ́lá dúró sórí “Gbogbo ọjà ti mọ̀ pé mi ò wúlò mọ́.” Ó fi 90 sí i, ìyẹn ni bí ó ṣe gbà á gbọ́ tó nínú 100.

Àyẹ̀wò: bí ẹ bá kà á sókè, ara yín gbọ̀n díẹ̀ tàbí omi lé sójú yín. Èrò tí ẹ lè kà bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn kọ́ ni èyí tó ń jà yín.

Ìpele 5: Ẹ gbọ́ tẹnu méjèèjì

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe gan-an nìyẹn: ẹnu olùfisùn nìkan ló ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ pín ojú ewé tuntun sí méjì. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tó gbe èrò náà lẹ́sẹ̀. Ẹ má ṣe fo apá yìí. Àwọn tó ń fẹ́ tètè dé ibi ìtùnú máa ń fò ó, lẹ́yìn náà ọkàn wọn á máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “O ò tíì sọ ti owó yẹn o.” Ìyá Bọ́lá kọ pé Ìyá Ṣadé kò kí òun lóòótọ́, pé ọjà òun ti dín kù láti oṣù mẹ́ta, àti pé àbúrò òun ní London kò gbé ìpè òun ní ọjọ́ Àìkú. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí kò bá èrò náà mu. Níbí ni ẹ ti máa rí i pé ọkàn yín ṣófo. Ẹ má ṣe gbà pé kò sí. Ẹ fi àwọn ìbéèrè yìí wá a:

Bí ọ̀rẹ́ mi bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi, kí ni máa sọ fún un? Ọ̀rọ̀ wo nínú èrò náà ló ń jẹ́ “gbogbo”, “láéláé” tàbí “kò sẹ́ni”, ta sì ni kò sí nínú “gbogbo” yẹn? Ṣé mo rí inú ẹlòmíràn ni, àbí mo ń méfò? Kí ni mo kọ sínú ìwé wákàtí-wákàtí ní ìpele 2?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ran Ìyá Bọ́lá lọ́wọ́ jù. Ó kọ pé aládùúgbò ìsọ̀ òun pe òun láti wá ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Pé oníbàárà kan ti Ìwó wá, ó ní ọwọ́ Ìyá Bọ́lá nìkan ni òun ti máa ń ra àǹkárá. Pé àbúrò òun pe padà ní ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ alẹ́ ló wà.

Èrò méjì kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbé wá sí ibi ìjiyàn yìí. Ọ̀kan ni “Orí ni kò gbè mí”, èkejì ni “Ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀.” Mo ti rí i tí ènìyàn fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko jiyàn bóyá ayé wà tàbí kò sí, wọ́n sì padà sílé bí wọ́n ṣe wá. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé: “Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ni orí ń sọ pé kí ẹ ṣe ní aago mẹ́wàá ọ̀la?” Bí ìdáhùn bá ní iṣẹ́ kan nínú, ẹ padà sí ìpele 2 pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé “kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́” ni, ẹ ti rí èrò tó ta jù, òun ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò: ohun mẹ́ta ó kéré tán wà ní apá kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì jẹ́ ohun tí kámẹ́rà lè yà tàbí tí ẹlòmíràn fẹnu sọ.

Ìpele 6: Ẹ kọ èsì

Èsì gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wà ní apá méjèèjì. Ìkéde kọ́ ni. “Mo ju aṣẹ́gun lọ” lè jẹ́ àdúrà tó dára, kí ẹ sì máa gbà á ní àkókò àdúrà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ síbí, ọkàn tó ti fi 90 gba òdì kejì rẹ̀ gbọ́ yóò kàn rẹ́rìn-ín ni. Èsì Ìyá Bọ́lá: “Òótọ́ ni pé Ìyá Ṣadé kò kí mi, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọjà kò yá bíi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ló wá mi wá láàárín ọ̀sẹ̀ yìí fúnra wọn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ọjà.” Lẹ́yìn náà ó tún wọn èrò náà. Ó ti di 55, ojú títì sì di 45.

Ẹ má ṣe retí 0. Ẹni tó bá ń wá 0 yóò sọ pé kò ṣiṣẹ́, yóò sì padà sí abẹ́ ìrọ̀rí. Bí ó bá fi 10 tàbí 20 dín kù, ó ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá yí padà rárá, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: bóyá èrò tó ta jù kọ́ ni ẹ mú, bóyá ẹ fo apá àkọ́kọ́ ní ìpele 5, tàbí bóyá èsì náà ti gùn jù. Gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó.

Ìpele 7: Ẹ gbé e lọ sí ìta

Ìwé nìkan kò lè sọ ìdí tí Ìyá Ṣadé kò fi kí i. Ní ìpele yìí, ẹ óò ṣe ìdánwò kékeré kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Dandan ni kíkọ ọ́ ṣáájú. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ọkàn yóò yí i padà lẹ́yìn, yóò ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Bọ́lá kọ pé: “Bí mo bá lọ kí i, kò ní dá mi lóhùn, 75.”

Ó lọ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ìyá Ṣadé dá a lóhùn, ó sì ní òun rí i lọ́jọ́ tí òun ń kọjá, inú ló ń bí òun: owó èésú oṣù méjì ló wà lọ́rùn Ìyá Bọ́lá, kò sì tíì sọ ohunkóhun.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àpẹẹrẹ náà rí báyìí, torí pé ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń ṣe bí ẹni pé gbogbo èrò ìrẹ̀wẹ̀sì ni irọ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà náà, ẹ ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àbùmọ́ rẹ̀. “Mo jẹ gbèsè èésú oṣù méjì, n kò sì sọ̀rọ̀” jẹ́ òótọ́. “Mi ò wúlò mọ́” kò ti inú rẹ̀ jáde. Ti àkọ́kọ́ kò nílò ìjiyàn; ètò ló nílò: ẹ kọ ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ lè gbà yanjú rẹ̀ láìṣe àríwísí èyíkéyìí, ẹ mú ọ̀kan, ẹ dá ọjọ́ sí i. Ìyá Bọ́lá bẹ̀ pé kí òun máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, olórí èésú sì gbà.

Àyẹ̀wò: ohun tí ẹ retí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ wà lójú ewé kan náà, ẹ sì ti kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí ó yàtọ̀ láàárín wọn.

Ìpele 8: Òfin tó wà nísàlẹ̀

Lẹ́yìn ìlà bíi 20, ẹ óò rí i pé èrò kan náà ló ń padà wá, aṣọ nìkan ló ń pààrọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni òfin kan wà, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “bí mi ò bá”. Ti Ìyá Bọ́lá ni: “Bí mi ò bá lè gbọ́ bùkátà gbogbo wọn, mi ò kì í ṣe àkọ́bí.” Ẹ má ṣe wa irú òfin yìí ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má sì dá a wa bí PHQ-9 yín bá ṣì dé 15, torí pé ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá lè jìn, ó sì lè dun ni, ọwọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló tọ́ sí.

Ìpele 9: Ẹ tún un wọ̀n

Ẹ máa ṣe PHQ-9 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ lábẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fi 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù, ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò sún, tàbí tí ó ń lọ sókè, ẹ gbé ìwé náà lọ fún oníṣègùn. Yóò wúlò fún un gan-an, nítorí pé ohun tí yóò fi ìjókòó méjì béèrè ti wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ oníṣègùn, ìtọ́jú yìí sábà máa ń gba ìjókòó 12 sí 20, nítorí náà ẹni tó ń dá a ṣe kò gbọdọ̀ bínú pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì tó.

Bí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀ kúrò ní 5, ẹ dín kíkọ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ju ìwé náà nù. Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń padà wá, ó sì máa ń ní àmì tó ń ṣáájú rẹ̀, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ kọ tiyín sí ẹ̀yìn ìwé nísinsìnyí tí ojú yín mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá yọjú. Ti Ìyá Bọ́lá kò ju ìlà mẹ́rin lọ: mo jí ní aago mẹ́ta òru fún alẹ́ mẹ́ta léra, mo ṣí ìsọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá, mo rí ìpè àbúrò mi, mi ò gbé e, mo ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí n má bàa pàdé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ èésú. Bí méjì bá péjọ, PHQ-9 lọ́jọ́ náà, kí n sì padà sí ìpele 2.